Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan ti ń pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ìdí Ifá ní Ìyàmoyè níbí. Kì í ṣe ti ìyàwó, kì í ṣe ti ìrìn àjò. Wọ́n á ní, “Bàbá, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́. Wọn ò bá mi jà o, wọ́n ń kí mi dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ ò lọ.” Ẹlòmíràn jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, ẹlòmíràn wà nílé ìwòsàn, ẹlòmíràn sì wà ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ọ̀gá tí à ń sọ níbí kì í ṣe ẹni tó ń san owó oṣù. Kò lè fi kún owó ẹnikẹ́ni, bí owó bá pẹ́, òun náà ń dúró dè é ni. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ò ju mélòó kan lọ: ta ni yóò pè sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ ta ni yóò gbọ́, iṣẹ́ wo ni yóò gbé fún ta. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni Ifá ti bá wa sọ̀rọ̀, nínú Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá tí a tún ń pè ní Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Mi ò ní ki ẹsẹ̀ rẹ̀ síbí, ẹnu olúwo yín ni kí ẹ ti gbà á. Ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ifá ní Olódùmarè rán irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún wá sáyé láti tún un ṣe. Ọkùnrin ni mẹ́rìndínlógún, ẹnì kan ṣoṣo ni obìnrin, Ọ̀ṣun ni. Wọ́n dé ayé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ya igbó Orò sọ́tọ̀, wọ́n ya igbó Eégún sọ́tọ̀. Láàárín ara wọn ni àwọn mẹ́rìndínlógún ń ṣe gbogbo ìpàdé. Wọn ò bú Ọ̀ṣun, wọn ò lé e. Wọn ò kàn kà á kún ni. Ọ̀ṣun náà ò pariwo. Ó mú òòyà rẹ̀, ó jókòó, ó ń dirun fún àwọn ènìyàn.

Ìgbà tó yá, nǹkan dàrú. Wọ́n pe òjò, òjò ò rọ̀. Wọ́n rúbọ, ẹbọ ò dà. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, ara ò yá. Ẹ rántí o, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà tó sú wọn, wọ́n gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Olódùmarè.

Olódùmarè ò bi wọ́n léèrè irú ewé tí wọ́n já tàbí irú ẹran tí wọ́n pa. Iye wọn ló béèrè. Ṣé gbogbo àwọn tí òun rán ló ń jọ ṣe é? Ẹni kẹtàdínlógún dà? Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ síbí. Olódùmarè ò bá wọn rán ẹnikẹ́ni sí Ọ̀ṣun. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ náà ló ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ pé akọ̀wé ni wọ́n máa ń rán: “Lọ bá mi sọ fún un pé kó má bínú.” Ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ọ̀ṣun náà ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán. Ó lóyún nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn lọ síbi gbogbo tí òun ò lè dé. Bó bá jẹ́ obìnrin, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Àwọn awo kan ní Ọbàtálá ló fi àṣẹ sọ oyún náà di akọ. Wọ́n bí i, òun ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Láti ìgbà náà ni ẹbọ ti ń dé ọ̀run, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń pe Odù yìí títí dòní nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹbọ gbéra.

(Ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin kó tó rí ààyè láàárín wọn. Ìbéèrè gidi ni. Èrò tèmi ni pé Ọ̀ṣun ló dá májẹ̀mu náà, kì í ṣe àwọn. Ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ó mọ igbó tí wọn ò ní jẹ́ kó wọ̀, ló bá fi ojú ara rẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ mi ò ní purọ́ pé ìtàn náà sọ pé àwọn mẹ́rìndínlógún yí padà pátápátá.)

Ohun tó gba ẹ̀bẹ̀ náà ni àyè tuntun tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá bẹ ẹni tí ẹ kò kà sí, tí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì tún kọjá láìsí i níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yín ò tíì kúrò nílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló mọ ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kẹta. Ní ilé ìwé, máìgádì ló mọ ọmọ tó ń pẹ́ dé àti ìdí tó fi ń pẹ́. Ta ló máa ń bi wọ́n?

Ohun tí Ọ̀ṣun ṣe, tó dákẹ́ tí iṣẹ́ sì dúró, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá láti Enugu, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ní 1945, ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Yates gbá Okwudili Ojiyi, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, létí. Ojiyi gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé Yates. Ẹjọ́ parí, àmọ́ ìwà ọ̀gá sí òṣìṣẹ́ ò yí padà. Ní oṣù kọkànlá 1949, àwọn awakùsà ní Iva Valley bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ̀: wọ́n ń wá síbi iṣẹ́, wọ́n ń wọ inú ihò, àmọ́ ọwọ́ wọn ò yá mọ́. Dípò kí àwọn ọ̀gá béèrè ohun tó ń dùn wọ́n, wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kù ò kúrò níbi iṣẹ́, kí wọ́n má bàa tì wọ́n síta. Wọ́n rán ọlọ́pàá lọ kó àwọn ohun abúgbàù tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Philip, pàṣẹ ìbọn. Awakùsà 21 ló kú.

Mi ò sọ pé ọ́fíìsì yín yóò di Iva Valley. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sì bú yín, ìbéèrè Olódùmarè ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, kì í ṣe ìwé ìkìlọ̀.

Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Òkun mọ èyí láìka ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ fún oko rẹ̀ á fúnra rẹ̀ lọ sílé kálukú. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òun náà á di ọkọ́ mú, kò ní jókòó sábẹ́ igi kó máa nawọ́. Oúnjẹ á sì kárí. Ẹni tó bá fi ẹnì kan sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, á rí iye ènìyàn tó máa yọjú ní ọdún tó ń bọ̀.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹni tó jù yín lọ. Èyí ṣòro nílẹ̀ wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. “Ẹ” ni kí ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa kí wọn bí ẹ ṣe ń kí wọn kó tó di pé wọ́n fún yín ní ipò. Àmọ́ ẹ má fi ìkúnlẹ̀ sá fún ọ̀rọ̀. Bí àgbà kan bá ń jẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́, ẹ lọ bá a níkọ̀kọ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sì bi í léèrè ohun tó fà á kí ẹ tó dájọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà níbẹ̀ kí ọ̀gá mẹ́rin tó wá tó lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Bí wọ́n bá wá dákẹ́ sí yín ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tún lọ.