Kí a tó ní kámẹ́rà ọkọ̀ "bàjẹ́"

Bí ẹ̀rọ tí ń mú ọkọ̀ dúró láàárín ìlà ojú títì bá dákẹ́, tí iná ìkìlọ̀ sì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, "ó ti bàjẹ́" ni awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Kámẹ́rà kan lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lẹ́bàá dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, ni ojú ẹ̀rọ yìí, ọ̀rọ̀ nípa ojú kò sì wọ́n Yorùbá.

Wíwò kì í ṣe rírí. Lójú títì tí ìlà rẹ̀ ti parẹ́, kámẹ́rà "ń wò, kò rí i ni". Ara rẹ̀ le koko. Bákan náà ni nínú òjò ńlá, tàbí bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí i. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀, eruku tàbí sítíkà ló wà lára gíláàsì níwájú rẹ̀, "nǹkan dí i lójú" ló tọ́. Ẹni tó gbọ́ èyí yóò wá àkísà, kò ní wá mẹkáníìkì.

"Ojú rẹ̀ wọ́" tún yàtọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀, tí wọn kò tọ́ ojú kámẹ́rà padà, ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀: ó ríran kedere, ṣùgbọ́n ibi tó rò pé ìlà wà kọ́ ni ìlà wà. "Ẹ tún un ṣe" kò bá a mu, nítorí kò sí ohun tó fọ́. "Ẹ tọ́ ojú rẹ̀" ni. Láti tọ́ ọ, pátákó alámì ni wọ́n ń gbé síwájú àwọn ọkọ̀ kan. Àwọn mìíràn, wíwa ni wọ́n ń wa wọ́n lójú títì tí ìlà rẹ̀ hàn dáadáa.

"Kò ṣiṣẹ́" kì í sì í ṣe "kò tíì ṣiṣẹ́". Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ títí eré ọkọ̀ yóò fi tó bíi 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, "kò tíì" ni.

Ní ti ìrìn ọkọ̀, awakọ̀ tó tan tráfíkétọ̀ "ń yà", ẹ̀rọ á sì gbà fún un. Ọkọ̀ tó rọra ń kúrò láàárín ìlà nígbà tí oorun ń kun awakọ̀ "ń fì". Tìtorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Èyí tó "ń fà" sápá kan ṣáá, afẹ́fẹ́ táyà tàbí aláìnmẹ́ǹtì ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. "Ṣìnà" kò tilẹ̀ kàn án. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ló ń ṣìnà.

"Bàjẹ́" wá kù fún kámẹ́rà tí omi wọ̀, wáyà tó já, tàbí iná ìkìlọ̀ tó ṣì ń tàn lẹ́yìn tí gíláàsì ti mọ́, tí ojú kámẹ́rà ti tọ́, tí ìlà sì hàn.