Ìborúnkún, Ìbojúgun, àti Àwọn Tí Ń Pe Gbogbo Rẹ̀ Ní Ààbò

Àwọn tí ń ṣe ètò eré ìdárayá lórí rédíò ti gbé àpólà kan dé tí kì í jẹ́ kí etí ẹni tó mọ èdè sinmi: "ààbò orúnkún". Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè olókùúta, wọn a ní kí olúkúlùkù "wọ ààbò orúnkún àti ààbò ojúgun" kó tó jáde nílé, bí ẹni pé ààbò jẹ́ ohun tí à ń dì sínú báàgì. Ipò ni ààbò, kì í ṣe ẹrù: ẹni tí a dáàbò bò wà lábẹ́ ààbò, ìlú tí kò ní ààbò ni olè ń yọ lẹ́nu, ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò dáàbò bò ó a sì máa ráre, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó ń wọ ààbò, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tó ń wọ àlàáfíà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ní orúkọ nínú èdè, tàbí kí a sọ pé èdè ní irinṣẹ́ tí a fi lè sọ ọ́ lórúkọ láìfi ipò pe ẹrù.

Kí a tó dé orí ohun tí à ń fi bo ẹ̀yà ara náà, ó yẹ kí a yẹ orúkọ òun alára wò. Orúnkún ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ, orókún ni àwọn mìíràn ń pè é, eékún ni ó sì máa ń wá sẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nígbà tí oríkèé bá ń ro wọ́n. Kò sí àṣìṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni "kún" tó kẹ́yìn wọn, èyí tó tún hàn nínú kúnlẹ̀, nínú ìkúnlẹ̀ abiyamọ, àti nínú àkúnlẹ̀yàn, ìyẹn ìpín tí ẹ̀dá yàn lórí ìkúnlẹ̀ kó tó wá sáyé, tó fi jẹ́ pé eékún ti ń ṣiṣẹ́ ńlá kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi rọ́bà bò ó. Àwọn oníwàásù kan ti sọ ọ́ dàṣà láti máa túmọ̀ kúnlẹ̀ sí "kún ilẹ̀", pé ẹni tó ń gbàdúrà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bẹ̀ àti omijé kún ilẹ̀ títí yóò fi ṣàn. Ìwàásù náà lè dùn, ìtumọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kún tí í ṣe ti omi àti ìkòkò kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú oríkèé. Kún inú kúnlẹ̀ bá ti eékún tan, ohun tó sì ń sọ kò ju pé eékún kan ilẹ̀. Èyí tó ṣòro díẹ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ló kọ́kọ́ wà tí a fi ṣẹ̀dá orúkọ, tàbí orúkọ ló bí ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí pé kún kò dá dúró mọ́ lónìí ní ìtumọ̀ yìí. Inú ilé kúnlẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ní ti "orún" tó ṣáájú kún nínú orúnkún, ó lè wu ẹnìkan láti sọ pé ọrùn ni, níwọ̀n ìgbà tí a ti ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì kọ̀, ohùn náà kọ̀: ọ ló bẹ̀rẹ̀ ọrùn, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì parí rẹ̀, nígbà tí orún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú o, tó sì parí pẹ̀lú ohùn òkè. Èrò tó wuyì ni, ó kàn jẹ́ pé kò rìn ni.

Ojúgun kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ojú àti eegun ló jọ pé ó pàdé, ibi tí eegun ti yọjú sí gbangba, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ níwájú, awọ nìkan ló wà láàrin eegun àti ayé, kò sí ẹran níbẹ̀ tí yóò gba ìkọlù. Ìdí nìyí tí pẹ́dà kẹ̀kẹ́ orí òkè fi ń pa ojúgun lára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe pẹ́dà pẹlẹbẹ fi ìṣó kéékèèké sí i lójú kí bàtà má baà yọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ síbẹ̀, pẹ́dà a yí bírí, ìṣó a sì ha ojúgun láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí pẹ́dà tirẹ̀ ń gbá bàtà mú pinpin kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ohun tí yóò bo ojúgun, orúnkún ni kó mójú tó. Ẹni tó ń lo pẹ́dà pẹlẹbẹ ni kó fi owó lé méjèèjì.

Orí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an. Yorùbá kì í lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tí ń bẹ lára: à ń wọ ẹ̀wù, à ń dé fìlà, à ń wé gèlè, à ń sán bàǹtẹ́, à ń gba ọ̀já. Nínú gbogbo wọn, mẹ́ta ló kan orúnkún, ìyẹn bò, bọ̀ àti gbà. Bò ni kí a fi ohun kan lé òmíràn lójú kó má baà hàn tàbí kó má baà fara gbá, òun ló bí ìborí, ìborùn àti ìbòjú. Bọ̀ ni kí a ti ẹ̀yà ara wọ inú ohun kan, òun ló bí ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, ẹni tó bá sì ń kọ "ìbòsẹ̀" ń pe ohun tí a ti ẹsẹ̀ bọ̀ ní ohun tí a da bo ẹsẹ̀. Gbà ni kí a fi nǹkan yí ara ká kí a sì fà á le, òun ló bí ìgbànú àti ìgbàyà. Ó sì jọ pé òun náà ló wà nínú igbà, okùn tí ẹlẹ́mu fi ń yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká nígbà tó bá ń gùn ún.

Ẹni tó bá wo ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ yóò rí i pé ọ̀nà mẹ́ta yìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n pín sí, bí ẹni pé àwọn tó ṣe wọ́n gbọ́ Yorùbá. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí à ń bọ̀: aṣọ tó ń fà ni, a rán fóòmù mọ́ ọn níwájú, ẹsẹ̀ ni a ó sì kọ́kọ́ tì bọ inú rẹ̀ kí a tó fà á gòkè. Fóòmù ìgbàlódé, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ D3O tí Richard Palmer dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999 sọ di olókìkí, máa ń rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yí pẹ́dà, ṣùgbọ́n a le lójijì bí òkúta bá kọ lù ú. Ìbọ̀rúnkún ni kí á máa pe èyí, ó sì tọ́ sí ẹni tí yóò pọ́n òkè fún wákàtí púpọ̀. Èkejì ni èyí tó fi ike líle bo ojú orúnkún, tí ike náà yóò máa yọ̀ lórí òkúta dípò kó há. Ẹni tó ń já ṣòòròṣò láti orí òkè ni èyí wà fún, ìborúnkún sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí okùn fífẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí a lè tú láìbọ́ bàtà, èyí tó ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bí ti Ọ̀ṣun. Bí inú àti àyà ṣe fún wa ní ìgbànú àti ìgbàyà, kò sí ohun tó ní kí orúnkún má fún wa ní ìgbàrúnkún.

Òtítọ́ ni pé ìbọ̀rúnkún àti ìborúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ ju àmì kan tàbí méjì lọ, ẹnu àwọn oníròyìn yóò sì pa wọ́n pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìyàtọ̀ wọn ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ìyókù ni ìwọ̀n, pé kí a fi téépù wọn itan lókè orúnkún àti iṣan ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí pé èyí tó bá fẹ̀ jù yóò yọ́ wálẹ̀ nígbà tí a kò bá tíì dé ìdajì ọ̀nà, yóò sì di ìbojúgun láìfẹ́. Ó tún yẹ kí a wá nọ́ńbà EN 1621-1 lára rẹ̀, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gun alùpùpù: wọ́n á ju irin lù ú pẹ̀lú agbára 50 J, wọ́n á wá wo iye tó kọjá sí ẹ̀yìn, ìpíndọ́gba rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 35 kN lọ ní ipele kìn-ín-ní, tàbí 20 kN ní ipele kejì. Bí iye kN náà bá ṣe kéré tó ni ìkọlù tó dé ara ṣe kéré tó.

Ìbojúgun ní ìṣòro tirẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ láìrí i nílẹ̀ lè pín in sí "ìbojú ogun". A kò lè bá irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ wí ní Ìkirun, níbi tí ogun Jálumi ti jà ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun tó gba orúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tó ń sá fún ti Ìbàdàn já lu omi Ọ̀tìn. Ìbojúgun fúnra rẹ̀ pẹ́ ní ayé ju ariwo rédíò lọ. Ìwé Sámúẹ́lì kìn-ín-ní, orí 17, ẹsẹ 6, sọ pé Gòláyátì fi idẹ bo ẹsẹ̀, àwọn oníwàásù tó ń pe idẹ náà ní bàtà ni wọ́n sì ń fi ojúgun ọkùnrin náà sílẹ̀ ní ìhòòhò. Kì í ṣe pé ó gbà á, iwájú orí ni òkúta bá a. Ní 1874, Sam Weller Widdowson, agbábọ́ọ̀lù Nottingham Forest, gé ìbojúgun àwọn tí ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì kúrú, ó sì dì í mọ́ ìta ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Láti 1990 ni òfin bọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ di dandan, òfin kẹrin sì ní kí ìbọ̀sẹ̀ bò ó, níbi tí bọ̀ àti bò ti pàdé lójúgun kan ṣoṣo. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ní tirẹ̀ kò tíì pẹ́: orí òkè Pine Mountain ní California ni ìdíje Repack ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976, orúkọ tí wọ́n fún un nítorí pé gíríìsì inú bíréèkì máa ń jóná tán nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á sì ní láti rọ́ òmíràn sí i. Ọdún 1996 ni eré kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Òfin Nàìjíríà kò tíì dé orúnkún. Orí ni ó dúró sí. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà láti dé àṣíborí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn kan gbé igbá dé orí. Ó kéré tán, gírámà wọn tọ́, igbá ni à ń dé láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lójú ọ̀nà oko Òkukù àti Ìnísà, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń yọ̀ lábẹ́ táyà, àgbẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ kò pe ohun tó ń ṣe ní eré ìdárayá, ṣòkòtò rẹ̀ sì ni ìborúnkún rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ báyìí pé àwọn ń "wa kẹ̀kẹ́", wọ́n sì ti borí. Gùn ni ti ẹṣin, ti ọ̀pẹ àti ti kẹ̀kẹ́. Wà ni ti ọkọ̀ ojú omi kó tó di ti mọ́tò, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà mọ́.

Páàdì àti ṣíngáàdì náà ti borí ní pápá bọ́ọ̀lù, níìgáàdì sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá wọ ọjà lónìí tó bèèrè ìborúnkún, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà fi ìborùn olówó iyebíye hàn án. Bó bá ní níìgáàdì lòun ń wá, wọn ó mú un wá láìjanpata. Kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tó pe ẹrù ní ẹrù ṣì sàn ju ààbò orúnkún lọ.