Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Oòrùn Kì Í Gbowó, Ohun Tí A Fi Ń Gbà Á Ló Ń Gbowó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹlòmíràn wà nínú wa tí owó epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ju owó ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Abájọ tí ọ̀pọ̀ yín fi ń béèrè owó yíyá láti fi ra iná oòrùn. Ṣùgbọ́n kí á tó fọwọ́ sí ìwé gbèsè, ẹ jẹ́ kí á mọ bí iná yìí ṣe ń wá.

Iná omi. Nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ìsọ̀ wa, epo ló ń yí ẹ̀rọ. Mágínẹ́ẹ̀tì á máa yí láàárín wáyà kọ́pà, iná á sì jáde. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní Kàǹjì, lórí Odò Ọya, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969. Omi tí wọ́n sé ló ń já wá láti òkè, òun ló ń yí ẹ̀rọ dípò epo. Omi náà kò sì ṣòfò: ó ṣàn lọ sí Jẹ́bà, ó tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òjò ọdún tó ń bọ̀ á tún kún un. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pè é ní agbára tí kì í tán.

Iná oòrùn. Èyí kò ní ohun tó ń yí. Sílíkọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń yọ láti ara yanrìn, ló wà nínú páńẹ́ẹ̀lì. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti kàn án, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bátìrì á tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Ínfátà á sọ ọ́ di irú iná tí ohun èlò wa ń lò.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí:
Gílóòbù 4, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 200.
Fáànù 1, wáàtì 60, wákàtí 8: 480.
Àpapọ̀: 680.

Bí a bá ka oòrùn gidi sí wákàtí 4 lójúmọ́, páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 á mú 1,200 wá. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù fún èyí tó ń ṣòfò lọ́nà àti fún ọjọ́ tí ìkùukùu bá ṣú, pàápàá ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku ojú páńẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹja inú fíríìsà, tirẹ̀ yàtọ̀. Fíríìsà wáàtì 150 máa ń fa ìlọ́po púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Bí ínfátà bá kéré, ẹja á bàjẹ́, gbèsè á sì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní Gbámú-Gbámú, abúlé àwọn olóko kòkó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná oòrùn kan ṣoṣo fún gbogbo abúlé ní ọdún 2018, kí kálukú máa san owó ìwọ̀n tó bá lò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwa tí ìsọ̀ wa fara kan ara, ǹjẹ́ a kò lè jùmọ̀ rà?

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, ẹ kọ orúkọ ohun èlò yín, wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ ń lò ó. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú wá pẹ̀lú ìwé owó yíyá yín.