Hítà kékeré, owó ńlá

*Leeds ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa ń gbé. Láti ìgbà tí òtútù ti dé la ti pa bọ́ílà, torí wọ́n sọ fún wa pé òun ló ń jẹ owó. Hítà oníná méjì la rà, ọ̀kan fún yàrá wa, ọ̀kan fún ti àwọn ọmọ. A máa ń tàn wọ́n láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago méjì òru. Owó tí à ń fi sí mítà iná ti wá pọ̀ ju ti èṣí lọ, ògiri pálọ̀ sì ti ń dúdú. Mo ní ká tan bọ́ílà, ọkọ mi ní gbèsè ni yóò kó wa sí. Ta ló jàre? — Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ ọkọ yín lẹ́nu, torí èrò wọn kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ẹni tó bá ti ra epo sí jẹnẹrétọ̀ rí nílé mọ̀ pé èyí tó tóbi ló ń mu epo jù, pé I-pass-my-neighbour kékeré a máa fi ìwọ̀nba epo tan gílóòbù mọ́jú. Wọ́n wo bọ́ílà tó ń kùn lára ògiri, wọ́n wo hítà tí ọwọ́ kan lè gbé, wọ́n ní kékeré ni yóò ṣọ́ owó ná. Ibi tí ìṣirò náà ti ṣìnà ni pé epo kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ńlá àti kékeré ń mu. Bọ́ílà ń jó gáàsì, hítà ń lo iná mànàmáná, iye tí wọ́n sì ń ta méjèèjì ní Ìlú Ọba jìnnà síra gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gidi ṣe é. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún 2024, gbèdéke tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta iná àti gáàsì, fi sórí yúníìtì gáàsì kan jẹ́ pẹ́ńsì 6.24 ní ìpíndọ́gba. Ti iná mànàmáná jẹ́ pẹ́ńsì 24.50. (Orí yúníìtì ni gbèdéke yìí wà, kì í ṣe orí àpapọ̀ owó, ẹni tó bá lò púpọ̀ yóò san púpọ̀.) Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni iye náà ń yí padà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ẹ wo ẹ̀yìn hítà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 2000W níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yúníìtì méjì ló ń jẹ ní wákàtí kan. Méjì irú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ yúníìtì 24, £5.88 lálẹ́ ọjọ́ kan, £176 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bọ́ílà náà ń fi nǹkan ṣòfò, torí díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ ń bá èéfín jáde. Ẹ jẹ́ ká ní yúníìtì gáàsì 28 ni yóò jó kó tó mú ooru 24 wá. £1.75 péré nìyẹn lálẹ́, £52 lóṣù.

Mo mọ ohun tí bàbá ìbejì máa sọ: yàrá méjì ni hítà ń mú gbóná, bọ́ílà fẹ́ mú gbogbo ilé gbóná, títí kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Ilé yín gbọ́dọ̀ mu ooru tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti yàrá méjèèjì lọ kí owó gáàsì tó bá ti hítà dọ́gba, ẹ ò sì ní jẹ́ kó débẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ rédíétọ̀, ohun kan wà tó ṣeé yí, tí wọ́n kọ 1 dé 5 sí. Ẹ fi ti yàrá sí 3, ti ibi tí ẹ kì í lò sí 1, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Bí bọ́ílà yín kò bá ní táńkì omi gbígbóná, ẹ tún dín ooru omi tó ń lọ sí rédíétọ̀ kù sí 60°C. Láti ọdún 2005 ni òfin ti ní kí bọ́ílà tuntun jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru padà lára èéfín ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí i gbà dáadáa bí omi tó ń padà wọnú rẹ̀ bá gbóná ju nǹkan bí 55 lọ. Rédíétọ̀ ò ní jó yín lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Kí ẹ sì pa bọ́ílà nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nílé. Àwọn tó ní kó máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tọ̀sán-tòru ló ń dín owó kù, irọ́ ni.

Mo gbà pé hítà ń borí níbì kan: bí ẹnì kan ṣoṣo bá fẹ́ jókòó sí yàrá kan fún ìgbà díẹ̀. Kódà nígbà náà, bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná fún àgbàlagbà, tó bá jẹ́ 100W, kò jẹ ju pẹ́ńsì méjì àbọ̀ lọ ní wákàtí kan lórí iye tí a fi ṣírò lókè. Ilé tí kò bá sì ní gáàsì rárá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Gbèsè tó ń ba ọkọ yín lẹ́rù wà lóòótọ́, àmọ́ bọ́ílà kọ́ ló jẹ ẹ́. Mítà gáàsì ń gé owó ojúmọ́, tó jẹ́ bíi pẹ́ńsì 32 ní ìparí ọdún 2024, bí ẹ lo gáàsì bí ẹ ò lò ó. Ẹni tí kò bá fi kọ́bọ̀ sí mítà rẹ̀ láti oṣù karùn-ún títí oṣù kẹwàá fi parí ti jẹ nǹkan bí £58 ní iye yẹn kó tó fọwọ́ kan bọ́ílà. Lọ́jọ́ tó bá wá fi £20 sí i, mítà á gbé e mì, ilé ò ní gbóná, ẹ̀bi á sì di ti bọ́ílà. Ẹ máa fi £10 sí i lóṣooṣù nígbà ooru, gbèsè náà ò ní rí ibi jókòó.

Ògiri yẹn ni mo kà sí jù. Èémí wa, oúnjẹ tí à ń sè àti aṣọ tútù tí à ń sá sínú ilé ń sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin náà bá kúrò ní yàrá tó gbóná, tó lọ bá ògiri pálọ̀ tó tutù, omi ni yóò dà, ohun dúdú irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu yóò sì mú ibẹ̀ ṣe ilé. Ìwọ̀n 18 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé kí ooru inú ilé má ṣe lọ sílẹ̀ jù ú lọ nígbà òtútù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, irú ohun dúdú bẹ́ẹ̀ ló ṣekú pa ọmọ ọdún méjì kan ní Rochdale. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe Òfin Awaab, tó ń de àwọn tó ń fi ilé káńsù àti irú rẹ̀ háyà láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ onílé aládàáni lẹ ti gba ilé yín, ẹ kọ̀wé sí onílé, bí kò bá dáhùn, ẹ lọ bá káńsù. Bọ́ílà tó bàjẹ́, onílé ni òfin ọdún 1985 ní kó tún un ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èédú wọ yàrá láti yá iná, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì kí ilé lè gbóná. Afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn ń tibẹ̀ jáde, ojú oorun ló sì ti ń pani.

Ìjọba náà ní £150 tó ń yọ kúrò nínú owó iná àwọn tó ń gba ìrànwọ́ kan. Bí fíísà yín bá sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má kà á mọ́ owó yín.

Ní ti àríyànjiyàn inú ilé, ẹ sọ fún ọkọ yín pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, hítà nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bọ́ílà nìkan, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tó wà lórí mítà gáàsì, kó má ba ìṣirò jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, kí bàbá ìbejì fúnra wọn ka iye tó kù lójú mítà méjèèjì, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀.