Ìwọ̀n Ilẹ̀dú Tí Ó Yẹ fún Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun kì í hu ẹ̀fọ́ dáradára. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ha ilẹ̀dú ojú ilẹ̀ dànù, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀ pupa àti yangí nìkan ni ó ṣẹ́kù. Onílé tí ó bá fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ tàbí ewédú síbẹ̀ yóò wá ní kí wọ́n ru ilẹ̀dú wá láti etí oko. Ṣùgbọ́n báwo ni ilẹ̀dú náà yóò ti pọ̀ tó?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ilẹ̀dú kò dà bí yanrìn tí odò ń gbé wá lọ́dọọdún. Erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni ó para pọ̀ di i, ìnípọn íńṣì 1 péré sì lè gbà ju 100 ọdún lọ kí ó tó dá. Ẹni tí ó bá wà á ju bí ó ti yẹ lọ fi owó ṣòfò, ó sì sọ oko ẹlòmíràn di ilẹ̀ ṣíṣá. Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

1. Wíwọn bẹ́ẹ̀dì. Kí onílé fi téèpù wọn òró àti ìbú ibi tí yóò gbin ẹ̀fọ́ sí. Bí òró bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú sì jẹ́ 4, ìlọ́po 12 ní ọ̀nà 4 ni 48.

2. Wíwo ohun tí ó wà nílẹ̀. Kí ó fi àdá gbẹ́ ihò kékeré ní ibi mẹ́ta. Ibi tí dúdú bá parí sí, tí pupa sì bẹ̀rẹ̀, ni òpin ilẹ̀dú. Íńṣì 6 tó fún ewébẹ̀. Bí íńṣì 2 bá ti wà níbẹ̀, íńṣì 4 ni ó kù. Íńṣì 12 ni ẹsẹ̀ bàtà kan. Íńṣì 4 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta 48 ni 16.

3. Àpótí ìwọ̀n. Kí káfíńtà kan àpótí tí òró, ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Irú àpótí yìí 16 ni yóò kún àyè náà. Kí wọ́n fi páànù ìru-erùpẹ̀ bu ilẹ̀dú kún àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì ka iye páànù tí ó gbà.

4. Àfikún. Erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà máa ń wú, òjò a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a fi àpótí 1 kún 4 kọ̀ọ̀kan. 16 yóò di 20.

5. Ajílẹ̀. Kí a po àpótí 1 ewé àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà pátápátá mọ́ ilẹ̀dú 3. Nínú 20, ajílẹ̀ gba 5, ilẹ̀dú gba 15. Bí páànù 2 bá kún àpótí kan, páànù 30 péré ni wọn yóò rù.

Ẹni tí kò gbẹ́ ihò wò, tí kò sì lo ajílẹ̀, yóò wà àpótí 30 fún bẹ́ẹ̀dì kan náà. Níbi tí ilẹ̀dú kò bá nípọn ju íńṣì 4 lọ, ilẹ̀ tí ó bó sílẹ̀ yóò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ, àgbàrá òjò yóò sì rí ọ̀nà gbà níbẹ̀. Ó tọ́ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí a má sì wà á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tàbí etí odò. Àkìtàn tí bátìrì tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ ti dà sí kò yẹ fún ohun jíjẹ, bí ó ti wù kí ó dúdú tó.

Ìdánrawò: Bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwé kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 ní òró àti 4 ní ìbú, kò ní ilẹ̀dú rárá. Àpótí mélòó ni yóò gbà? Ìdáhùn: ilẹ̀dú 30 àti ajílẹ̀ 10.