Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Ìmọ̀ràn Lórí Títọ́ Olùkọ́ Tuntun Sọ́nà ní Yunifásítì

Àwọn Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe yìí sì kan yunifásítì gan-an. Ọmọ Tchaada ní Ìfànyìn, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí ó bá wọ Yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní àńfì, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí TD, èyí tí í ṣe kíláàsì kékeré tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè dánra wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń fi irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, bí ẹni náà kò bá sì mọ ẹ̀kọ́ í kọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ọlọ́mọ yóò ti sọnù.

Ìwádìí ni wọ́n kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kò kọ́ ọ ní bí a ti ń kọ́ni. CAMES, ìgbìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, ni ó ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì wò kí wọ́n tó gbé e ga, ìwé ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde sì ni ó ń wúwo jù lórí òṣùwọ̀n náà. Abájọ tí ọ̀dọ́ fi ń kọjú sí ibi tí wọn yóò ti yìn ín.

Ìmọ̀ràn kìíní ni pé kí olùkọ́ tuntun jókòó ti àgbà nínú kíláàsì, kí àgbà náà sì wá jókòó ti òun. Àgbà kò gbọdọ̀ bá a wí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olùkọ́ tuntun náà dúró gba ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn.

Ìkejì ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí ó bá ń kọ́ wọn ní iye tí owó kan fi ń di òmíràn, dípò kí ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ jáde láti inú ìwé, kí ó bi wọ́n pé bí ènìyàn bá fi 100,000 náírà ra sẹ́fà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní Igolo, ní ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, tí ó sì tún fi sẹ́fà náà ra náírà lójú ẹsẹ̀, kí ló dé tí owó rẹ̀ kò fi ní pé mọ́? Ọmọ ẹnubodè yóò ti mọ̀ pé iye tí wọ́n fi ń rà kọ́ ni wọ́n fi ń tà, ìṣirò yóò sì yé e.

Ìkẹta jẹ mọ́ èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí olùkọ́ tuntun jẹ́ kí àwọn tí ó gbédè ara wọn fi Yorùbá, Gùn tàbí Fọ̀n jíròrò kí wọ́n tó fi Faransé kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tí òun náà kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣì ń rántí ibi tí ó ti rú u lójú, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n lè ti gbàgbé. Kí ó máa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí kò yé wọn sórí bébà kékeré bí ẹ̀kọ́ bá parí, kí ó sì gbé e tọ àgbà lọ. Ó yẹ kí yunifásítì kọ gbogbo èyí mọ́ ètò oyè ọ̀mọ̀wé bí wọ́n ti kọ ìwádìí mọ́ ọn, kí wọ́n má sì fi kíláàsì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní òun nìkan títí àgbà kan yóò fi jẹ́rìí pé ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ń yé wọn.