Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Peckham Tó Ń Gun Òkè Nígbà Òtútù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí yín láàárọ̀ Sátidé ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ní London, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn yín, tí ẹ ń lọ gun òkè nínú òtútù. Àwọn àgbà kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tó gun Olúmọ, tó gun àtẹ̀gùn Ìdànrè tó lé ní 600, kò ṣe ohun àjèjì bó bá gun òkè. Inú mi dùn pé Rhiane Fatinikun dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní 2019 kí àwọn obìnrin dúdú lè máa rìn káàkiri ìgbèríko ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òtútù orí òkè ń pa èèyàn, pàápàá ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi kọ ìwọ̀nyí nìyẹn.

1. Ẹ kọ́kọ́ gun òkè tó wà nítòsí. One Tree Hill wà ní Honor Oak níbí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Kò ga ju bíi mítà 90 lọ, àmọ́ atẹ́gùn January tó ń fẹ́ lórí rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá jákẹ́ẹ̀tì yín ṣeé gbára lé. Àwọn ará àdúgbò ló jà fún òkè yẹn. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan ṣọgbà yí i ká ní 1896. Nígbà tó di October 1897, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya lọ síbẹ̀ láti sọ pé àwọn kò gbà. Ní 1905 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn. Nítorí náà, ẹ máa lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Box Hill ní Surrey, mítà 224. Ẹ má tíì dárúkọ Pen y Fan ní Wales, tó ga ní mítà 886, títí ẹsẹ̀ yín á fi mọ Box Hill dáadáa.

2. Ẹ má fi ojú ọjọ́ Rye Lane ní Peckham níbí díwọ̀n ti orí òkè. Béèyàn ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i: nínú 1,000 mítà, ó tó dígírì 6 tàbí 7 tó máa dín. Bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá wà ní dígírì 6, orí Pen y Fan lè wà ní òdo. Bí atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 40 ní wákàtí kan bá wá ń fẹ́ lù yín níbẹ̀, bíi dígírì 9 nísàlẹ̀ òdo ló máa rí lára yín. Ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ nílé, gbígbẹ ni. Ètè ló ń là. Òtútù ibí ń bá òjò rìn, ara tó tutù tó sì tún rin kì í pẹ́ bàjẹ́. Met Office ní àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fún orí òkè lọ́tọ̀. Òun ni kí ẹ kà, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ti atẹ́gùn.

3. Ẹ má wọ jíìnsì. Òwú ni, bó bá ti mu omi, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń fa ooru ara jáde. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra wọn, kí èyí tí òjò àti atẹ́gùn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá wà lókè. Ẹ dé fìlà. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀kan wà nínú báàgì.

4. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù lọ ni olórí ìrìn. Èyí ló ká mi lára jù. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí Box Hill, òjò ti pa sòkòtò mọ́ ọn lára, ó ń gbìyànjú láti fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ìka rẹ̀ kò lè di síìpù náà mú. Ó gbìyànjú títí, ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú atẹ́gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níwájú, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tí mo bi í bóyá ara rẹ̀ le, ó ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

Ẹ kọ́ láti rí àmì pé òtútù ti wọ ọ̀rẹ́ yín lára: ẹni tó ń kọsẹ̀ ṣáá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ kékeré, aláriwo tó dákẹ́ lójijì, onísùúrù tó ń kanra. Ẹ má gbà á gbọ́ bó bá ní kò sí nǹkan kan. Bó bá ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tí gbígbọ̀n náà wá dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti móoru, ewu ńlá dé nìyẹn.

5. Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyẹn lára ọ̀rẹ́ yín, ẹ gbé e kúrò lójú atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wọ èyí tó gbẹ fún un, ẹ jókòó tì í gbágbáágbá. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó dùn dáadáa. Ẹ má fún un ní ọtí, ẹ má sì máa fi ọwọ́ ra á lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.

6. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ December, aago 4 kì í tíì lù tí oòrùn fi ń wọ̀ ní London. Ẹ tètè jáde. Kí olúkúlùkù mú iná tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì fóònù, nítorí náà abẹ́ aṣọ ni kí ẹ máa fi fóònù sí.

7. Akin tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ní í bógun lọ. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní ká padà, kí gbogbo yín padà. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń bọ̀ wálé.

8. Bí ọ̀ràn bá le, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ pé kí wọ́n bá yín pe Mountain Rescue, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí òkè. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí owó dákẹ́. Bí fóònù kò bá lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dánu dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

9. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ, ọ̀nà tí ẹ máa gbà àti àsìkò tí ẹ máa padà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà nílé. Bí ẹ kò bá ní ẹnì kankan nílùú yìí tí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi.